Èló Ni Ká Máa Fi Ránṣẹ́ Sí Ọmọ Tó Wà Ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga?

 

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tí a ṣe kọjá, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń tọ́jú àgbàdo pamọ́ ni mo bá wá. N kò tí ì sọ̀rọ̀ débì kan tí bàbá kan fi nawọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ agíríìkì, ohun tí ò ń sọ yẹn dáa. Ṣùgbọ́n àgbàdo tí o ní ká tọ́jú yẹn, mo ti tà á. Ọmọ mi tó wà ní pólì ló pè." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí pé nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀, ó tó ẹni mẹ́jọ tó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ohun kan náà ló sì ń ṣe gbogbo wọn. Ọmọ á pè lórí fóònù, òbí á wo inú àká, wọ́n á gbé ohun tí ojú bá rí lọ sọ́jà. Mo bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ láàárín ọdún kan. Kò sí ẹnì kan tó lè sọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí dá lórí owó ìnáwó ọmọ ilé ìwé. Ẹ má sọ pé kí ló kan agíríìkì nínú èyí o. Inú oko ni owó náà ti ń jáde. Bó bá jáde lọ́nà tí kò tọ́, oko ọdún tó ń bọ̀ ló máa sanwó rẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọdún 2017, mo pe ilé lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Nígbà kan mo ní owó ìwé ni, nígbà kan mo ní wọ́n ń kó wa lọ wo oko ńlá kan. Òótọ́ ni méjì nínú ẹ̀. Méjì tó kù, bàtà ni mo fi ọ̀kan rà, mo sì fi ìkejì ṣe fàájì níbi àsè àwọn ọmọ kíláàsì wa. Bàbá mi kì í bèèrè nǹkan kan. Iye tí mo bá ti dá ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́.

Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, mo tẹ̀ lé wọn lọ sóko. Ebè 2,000 ni bàbá mi máa ń kọ lọ́dọọdún. Mo rí i pé apá kan oko náà, ó tó bíi 600 ebè, koríko ló hù sórí rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò gbin nǹkan síbí?" Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìwé rẹ ni mo gbìn síbẹ̀." Àṣé èbù ni wọ́n ń tà ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti pè! Mo ti kọ́ ọ nínú kíláàsì pé ẹni tó bá ta èbù rẹ̀ ti ta iṣu ọdún tó ń bọ̀. Mo tiẹ̀ gba máàkì gidi nínú ìdánwò rẹ̀. Bàtà tí mo fi èbù rà sì wà lẹ́sẹ̀ mi níbi tí mo dúró sí.

N kò sọ èyí ká lè máa bá àwọn ọmọ jà. Ká ní bàbá mi sọ fún mi pé èbù nìkan ló kù nílé ni, n kò bá tí tọrọ owó bàtà. Ọmọ tí òbí kò bá ṣírò oko fún, inú ọkàn rẹ̀ ló ti máa ń ṣírò tiẹ̀, iye tó wà nínú ọkàn ọmọ sì máa ń ju iye tó wà nínú àká lọ.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE ÌWỌ̀N

Àwọn kan ń fi iye tí ọmọ bá béèrè ṣe ìwọ̀n. Àwọn mìíràn ń wo iye tí aládùúgbò wọn ń fún ọmọ tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni aládùúgbò náà, ó ń gba owó lóṣooṣù. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa àgbẹ̀ ni pé iye tó bá wà lápò lọ́jọ́ yẹn ni à ń fún ọmọ. Nígbà ìkórè, ọwọ́ dẹ̀, a ó kó ₦60,000 lé ọmọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó bá di oṣù karùn-ún, tí a ti gbin nǹkan tán tí kò tíì sí ohun tó jáde lóko, a ó máa sọ fún ọmọ pé kó ní sùúrù. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ ìgbà yẹn gan-an ni ìdánwò bọ́ sí. Ọmọ yó ní Kérésì, ó fi ebi wọ yàrá ìdánwò. Owó òṣìṣẹ́ ìjọba owó oṣù ni, tiwa owó ìkórè ni, ikùn ọmọ kò sì mọ ìyàtọ̀. Àwa la máa pín owó ìkórè sí oṣooṣù kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n gbà pé kí owó kéré ni ẹ̀kọ́, pé owó ló ń ba ọmọ jẹ́. Òótọ́ ni pé owó ń ba ọmọ jẹ́. Ṣùgbọ́n kí n sọ ohun tí ojú mi rí: nínú àwọn ọmọ àgbẹ̀ tí a jọ kàwé, àwọn tí ebi bà jẹ́ pọ̀ ju àwọn tí owó bà jẹ́ lọ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọmọbìnrin tí ilé kò bọ́, ẹlòmíràn á bá wọn bọ́ ọ, onítọ̀hún á sì wá gba owó rẹ̀. Ọmọkùnrin tí kò rí oúnjẹ jẹ á kọ́kọ́ máa sá kíláàsì lọ ṣe lébìrà, tó bá yá, á bá àwọn tó ń wá owó òjijì rìn. Ẹ̀yin náà mọ irú owó tí mò ń sọ.

Ẹ JẸ́ KÍ ỌMỌ KÀ Á LỌ́KỌ̀Ọ̀KAN

Ìyá kan wà ní apá Ìséyìn tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní pólì. Kí ọmọ náà tó padà sílé ìwé, èmi àti àwọn méjèèjì jọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti yí iye owó náà padà díẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn, ọjà kì í sì í dúró lójú kan, nítorí náà ẹ fi iye ti ọ̀dọ̀ yín rọ́pò rẹ̀. Owó ilé ìwé àti owó yàrá kò sí nínú èyí. Lọ́tọ̀ la ti yanjú ìyẹn.

Ọmọ náà dá ₦20,000 lọ́sẹ̀ kan. Ìyá rẹ̀ dá ₦5,000. Wọ́n wojú ara wọn. Ìyá ní, "Gààrí tí mo di fún ẹ ńkọ́?" Ọmọ ní, "Màámi, gààrí nìkan kọ́ ni mò ń jẹ o." Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi àpapọ̀ owó sílẹ̀ ná, kí ọmọ máa ka ohun tó ń rà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa kọ ọ́.

Ẹja, ẹyin, ata, búrẹ́dì àti àwọn nǹkan ọbẹ̀ tí kò ṣe é gbé láti ilé jẹ́ ₦6,000 lọ́sẹ̀. Mọ́tò láti ilé tó ń gbé dé ilé ìwé, ₦400 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún, ó jẹ́ ₦2,000. Gáàsì ìdáná, bí a bá pín ti oṣù kan sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ₦1,000. Fọ́tókọ́pì ₦1,000. Dátà ₦1,000. Ìyá fẹ́ pa dátà yìí rẹ́, ó ní eré ni wọ́n fi ń ṣe. Mo bá ọmọ náà gbèjà. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ tí wọ́n sì ti ń wo èsì ìdánwò. Dátà ti di ọkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ro oko. Èyí tí wọ́n fi ń wo fíìmù ni kò kan ìyá.

Ọṣẹ, ìpara àti nǹkan tí obìnrin ń lò lóṣooṣù, ₦1,000. Ẹ̀yin bàbá, ẹ dákun, ẹ má dúró títí ọmọbìnrin yín yóò fi tọrọ owó eléyìí. Ojú á tì í, kò ní tọrọ rẹ̀. Ẹ fi sí i kó tó sọ̀rọ̀.

Àpapọ̀ rẹ̀ wá jẹ́ ₦12,000 lọ́sẹ̀. A fi ọ̀sẹ̀ 16 ṣe sáà ẹ̀kọ́ kan, ó di ₦192,000. Owó mọ́tò láti wálé àti láti padà lẹ́ẹ̀mejì, ₦16,000. Owó àìsàn tí ìyá yóò fi pamọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀, tí kò ní fún ọmọ, ₦20,000. Gbogbo rẹ̀ já sí ₦228,000. Ìyá mí kanlẹ̀.

Ẹ SỌ OWÓ DI ÀPÒ ÀGBÀDO

Àgbẹ̀ kì í rí ₦228,000. Àpò àgbàdo ló ń rí. Nítorí náà mo ní kí a sọ owó náà di àpò. Nígbà ìkórè, tí gbogbo ayé ń tà, àpò 100 kìló ń lọ ní ₦28,500. Àpò 8 nìyẹn. Ní oṣù kẹta, tí àgbàdo ti wọ́n, ó ń lọ ní ₦38,000. Àpò 6 nìyẹn. Ọmọ kan náà, owó kan náà, ṣùgbọ́n àpò méjì gbáko wà láàárín wọn, àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wa nígbà ìkórè ló sì ń jẹ ẹ́.

A bọ́ síta, a lọ sídìí àká, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ka àpò. Àpò 18 ló wà níbẹ̀, láti orí ilẹ̀ bíi hẹ́kítà kan. Mo bi ìyá pé mélòó ni ilé máa jẹ títí àgbàdo tuntun yóò fi jáde. Ó ní 5. Mo bi í pé mélòó ni yóò ra irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn apako, tí yóò sì san owó alágbàṣe ọdún tó ń bọ̀. A ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ àpò 7. (Bó bá jẹ́ háíbírìdì lẹ gbìn, ẹ má ṣe tún un gbìn láti inú àká o, kò ní so bíi ti tẹ́lẹ̀. Owó irúgbìn tuntun ni kí ẹ yà sọ́tọ̀.) Ó ku àpò 6. Àbúrò ọmọ yìí fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, àpò kan lọ síbẹ̀. Àpò 5 ló kù.

Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní òun àti ẹni tí àwọn jọ ń gbé lè jọ máa dáná, ìdajì owó gáàsì á kúrò, ìyẹn ₦500. Ó ní òun lè máa fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nírọ̀lẹ́, ₦1,000 á kúrò nínú owó mọ́tò. Ìyá ní òun á fi ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ kún ẹrù oúnjẹ, kó yọ ₦1,500 nínú owó ọbẹ̀. Ó wá di ₦9,000 lọ́sẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 16, ₦144,000. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni òun máa wálé, ₦8,000. Wọ́n ta àpò 2 nígbà ìkórè, wọ́n rí ₦57,000 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ta àpò 3 ní oṣù kẹta, wọ́n rí ₦114,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦171,000. Ohun tó ṣẹ́ kù fún àìsàn jẹ́ ₦19,000.

Kò sẹ́ni tó gé owó ọmọ náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé e, nítorí pé ó ti ka àpò.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ìyá yìí fi pamọ́ de owó gọbọi. Owó àgbàdo kì í fi gbogbo ọdún gùnkè. Ní ọdún 2025, ọ̀pọ̀ àwọn tó tọ́jú tiwọn rí i pé ńṣe ni owó rẹ̀ wálẹ̀. Nítorí náà ẹ ta èyí tó máa gbé ọmọ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, kí ẹ fi ìyókù pamọ́. Kí ẹ sì tó fi pamọ́, ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ wá ìgò tó gbẹ, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ da hóró àgbàdo sí i, ẹ dé e pa, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ tún àgbàdo sá. Àpò onípele mẹ́ta tí a fi hàn yín ní ìpàdé, tí ọ̀rá méjì wà nínú rẹ̀, kò nílò oògùn kankan. Bí ẹ bá ti so ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ dáadáa, tí eku kò sì lù ú, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á tán, kòkòrò á kú.

Ọ̀rọ̀ oògùn yìí kan ẹrù oúnjẹ tí à ń dì fún ọmọ. Gààrí, èlùbọ́, epo, ata gígún, irú àti ẹ̀wà ló dára jù láti fi ránṣẹ́. Iṣu kò pẹ́ nínú yàrá tó gbóná, ẹ fi díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọ̀tàpiàpià sí ẹ̀wà, bó ti wù kí kòkòrò pọ̀ tó. Májèlé ni. Ọmọ yín ló máa jẹ ẹ́.

BÍ OWÓ ÀKÁ KÒ BÁ TÓ ŃKỌ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa, kò ní tó. Kí ẹ tó ta àgbàdo lórí ìdúró, kí ẹ tó lọ bá olówó ṣogúndogójì, ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí ná.

Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yáwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. NELFUND ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá sì béèrè fún owó ìjẹun lè gba ₦20,000 lóṣù. Kò ní èlé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọ fúnra rẹ̀ ti ń tọrọ rẹ̀. Ẹ̀yáwó ni o, kì í ṣe ẹ̀bùn. Ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán ni sísan rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Owó náà sì máa ń pẹ́ nígbà mìíràn kó tó wọlé, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé nígbà tí NELFUND ti wà, ẹ ò ní fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́.

Èkejì, ẹ fún ọmọ ní ilẹ̀ kékeré kan kó fi ẹ̀gẹ́ sí i nígbà ìsinmi, kí ó jẹ́ tirẹ̀. Láàárín oṣù 12, ẹ̀gẹ́ yẹn ti tó hú. Àwọn àbúrò rẹ̀ lè bá a ro ó. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ òun ló wà nílẹ̀ kì í fi owó rẹ̀ ṣeré. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà wà. Bí ẹ bá ń dá owó síbẹ̀, èlé wọn kò lè tó ti olówó ṣogúndogójì láéláé.

BÍ OWÓ YÓÒ ṢE MÁA LỌ

Ẹ má ṣe kó owó sáà kan lé ọmọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kódà bó bá pé lọ́wọ́ yín. Ẹ rántí ọdún 2022. Ọjọ́ 14 oṣù kejì ni àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, ó di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà. Àwọn òbí tó ti kó owó sílẹ̀ kò rí i gbà padà, ọmọ ti ná an kí ó tó wálé. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo fara mọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, owó tí àwọn POS ń yọ á pọ̀ jù. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Bí owó bá máa pẹ́, ẹ pe ọmọ kó tó pè yín, kó lè mọ bí yóò ṣe ṣe é.

Bí ẹnì kan bá sì pè yín pé ọmọ yín ti ní jàǹbá, pé kí ẹ tètè fi owó sí àpò ìfowópamọ́ kan, ẹ má san án. Ẹ kọ́kọ́ pe ọmọ náà, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Àwọn gbájúẹ̀ ti fi èyí gba owó èbù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òbí. Ẹ gba nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sílẹ̀ kó tó lọ.

Nígbà tí ọmọ bá dé fún ìsinmi, ẹ ní kó mú ìwé tó ń kọ ìnáwó sí wá. Ẹ má ṣe é bí ọlọ́pàá. Bó bá ná owó kan lọ́nà tí kò yẹ, tó sì kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ yìn ín pé ó kọ ọ́. Ẹ̀yin náà ẹ ṣí ìwé tiyín: àpò mélòó lẹ kó, mélòó lẹ tà, èló lẹ tà á. Lẹ́yìn náà kí ẹ jọ dá iye ti sáà tó ń bọ̀. Ó lè gùnkè, ó lè wálẹ̀.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn la máa fi ṣe ìṣirò yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Ẹ mú bírò àti ìwé dání, kí ẹ sì ti ka àpò yín láti ilé. Bí ọmọ náà bá wà nílé, ẹ mú un wá.